Mo ti de taya

Kí n má purọ́, ẹ̀rù ló ń bà mí. Láti ọjọ́ Ajé tí ìyá mi ti ní kí n gbé òun lọ sọ́dọ̀ àbúrò òun, ìrìn wákàtí mẹ́sàn-án lórí títì, ni oúnjẹ kò ti lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́. Mo ní ọkọ̀, mo sì ń wà á lọ síbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n ibi iṣẹ́ mi kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá sílé, ọ̀nà ọ̀hún sì ti mọ̀ mí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. N kò wakọ̀ kọjá ilé epo tó wà ní ìparí ìlú rí.

Ó ti tó oṣù méjì tí dókítà ti sọ fún wa pé ojú ìyá mi ń kú lọ. Ó ní kò sí iṣẹ́ abẹ tó lè dá a dúró mọ́, pé ó ṣeé ṣe kí gbogbo rẹ̀ ṣókùnkùn kí ọdún tó parí. Ìyá mi gbọ́ ọ, kò sunkún. Ó kàn ní òun fẹ́ rí ojú àbúrò òun kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn méjì péré ni ìyá wọn bí, ọdún mọ́kànlá sì ni wọn kò ti fojú kan ara wọn. Mo ní ó dáa, a óò lọ lọ́jọ́ kan. Orí "lọ́jọ́ kan" yẹn náà ni a wà títí di ọjọ́ Ajé yìí, tó jókòó sórí àga rẹ̀ láàárọ̀, tó ní ọ̀sẹ̀ yìí ni, kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo ní ṣé kí a kúkú pè é lórí fóònù. Ó ní, "Ojú lọ̀rọ̀ wà." Mo ní kí a wọ bọ́ọ̀sì. Ó ní ẹ̀yìn òun kò gba bọ́ọ̀sì, àti pé òun kò rí ìdí tí ẹni tó bí awakọ̀ á fi máa bá èrò du àga. Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ẹ̀rù tó ń bà mí yìí kì í ṣe ti títì nìkan, iṣẹ́ mi ló kọ́ mi. Ní ilé ìtẹ̀wé tí mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo máa ń ka gbogbo ohun tí wọ́n bá fẹ́ tẹ̀, tí mo máa ń fi bírò pupa tún un ṣe kí ó tó dé orí ẹ̀rọ. Àmì ohùn ni mò ń bá jà jù. Àwọn ènìyàn á kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lásán bí ẹni da ìṣó sílẹ̀, wọ́n á ní ẹni tó bá kà á á mọ ohun tí àwọn ń wí. Wọ́n ń pè mí ní Ìyá Àmì, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, títí di ọdún mẹ́ta sẹ́yìn tí ọkùnrin kan tó ń kọ́ni ní ọkọ̀ wíwà gbé ìwé ìpolówó wá lọ́jọ́ tí ara mi kò yá. "Ẹ wá kọ́ ọkọ̀ lọ́dọ̀ wa" ló fẹ́ sọ. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ẹgbẹ̀rún kan láìsí àmì kankan, ó sì di pé kí àwọn obìnrin wá kọ ọkọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Obìnrin méjì lọ bá a lóòótọ́. Èmi ni mo bá a tún un ṣe, òun náà sì fi ọkọ̀ wíwà tó kọ́ mi dúpẹ́. Bí mo ṣe di awakọ̀ nìyẹn. Láti ìgbà náà ni mo ti ní òfin kan: bí ọ̀rọ̀ bá ti ní ojú méjì, n kì í fi àmì sí i láìbi ẹni tó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí ohun tí àmì bíńtín lè bàjẹ́, ọkàn irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í balẹ̀ mọ́. Gbogbo ibi ni mo ti ń rí àṣìṣe tó fẹ́ pa ènìyàn.

Ọjọ́ Ẹtì ni mo fi dágbére fún àwọn ọ̀rẹ́ mi. Láàárọ̀, kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ Jẹ́jẹ́. Mẹkáníìkì ni Jẹ́jẹ́, orí bẹ́ǹṣì kan náà la jọ jókòó sí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó jẹ orúkọ yẹn nítorí pé kò sí ohun tó ń lé e. Bí ilé bá ń jó, Jẹ́jẹ́ á kọ́kọ́ kí iná. Bíréèkì ẹsẹ̀ iwájú lápá ọ̀tún ń ké, ó ní òun á pààrọ̀ rẹ̀. Mo dúró tì í níbi tó ti fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, mo bi í bóyá táyà lè yọ lójú ọ̀nà. Ó ní kò lè yọ. Mo tún bi í. Ó wá jókòó sórí táyà tó yọ, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní iṣẹ́ òun lórí táyà kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ: tú, dè, dé. Òun á tú nọ́ọ̀tì, òun á dè é padà, òun á wá dé fìlà fún un. Ìdérí táyà ló ń pè ní fìlà. Ó ní láti ogún ọdún tí òun ti ń ṣe é, òun kò dé fìlà fún táyà tí òun kò tíì dè rí. Ó ní kí n wá gbé e nírọ̀lẹ́, ìgbà náà la óò dágbére.

Ní ilé ìtẹ̀wé, Bàbá Ẹ̀rọ ni mo kọ́kọ́ lọ bá. Òun ló ń darí ẹ̀rọ ńlá, àgbà ọkùnrin tí yíǹkì ti wọ̀ lára débi pé ọṣẹ ti jọ̀wọ́ rẹ̀. Bó ṣe rí mi, ó pa ẹ̀rọ. Ọdún mẹ́tàdínlógún tí mo ti wà níbẹ̀, n kò rí i kí ó pa ẹ̀rọ nítorí ẹnikẹ́ni. Ó na ọwọ́ sí mi.

"Ó dìgbóṣe, Ìyá Àmì," ó ní.

Mo sọ fún un pé ó dàbọ̀ ni à ń wí fún ẹni tó ń padà bọ̀. Ó ní ọ̀kan náà ni. Mo ní wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, pé abọ̀ wà nínú ọ̀kan, kò sí nínú èkejì. Ó ní ó dàbọ̀ o, ó sì tan ẹ̀rọ rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ ló bá mi kúrò níbẹ̀.

Àwọn tó kù kò ràn mí lọ́wọ́. Kò sí ẹni tí mo dágbére fún tí kò ní ìtàn kan láti fi dẹ́rù bà mí. Ẹnì kan sọ ti ọkọ̀ akẹ́rù tó dojú dé lọ́nà yẹn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹnì kan sọ ti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tó sọ̀ kalẹ̀ sórí afárá, pé bíréèkì àwọn ọkọ̀ máa ń já níbẹ̀. Akọ̀wé wa ní kí n má fòyà, kí n ṣáà rọra, nítorí pé àwọn tó ń rọra pàápàá kò yè. Ìdágbére wọn nìyẹn.

Mo gba ọ̀dọ̀ Aránṣọ kọjá. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé wa, òun sì ni ọ̀rẹ́ tó mọ̀ mí jù, ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣàánú mi. Ó ti rán ìrọ̀rí kékeré kan fún ẹ̀yìn ìyá mi, ó fi aṣọ tó ṣẹ́kù lára kọ́tìnì bò ó. Mo jókòó, mo sọ gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún mi. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun mọ̀ mí, pé bí mo bá ti dé ilé epo ìparí ìlú, màá rí ohun kan tí màá fi ṣe àwáwí, màá sì yí padà.

"Ọjọ́ tí o bá yí padà, Ìyá Àmì ti kú nìyẹn," ó ní. "Ìyá Yípadà ni gbogbo wa á máa pè ọ́."

Mo bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí, nítorí pé òótọ́ ni. Mo ti ń ro ohun tí màá fi ṣe àwáwí láti ọjọ́ Ajé. Mo búra níbẹ̀ nínú ọkàn mi pé bí ayé bá dojú rú, n kò ní yí padà.

Bí mo ṣe jáde lọ́dọ̀ rẹ̀ ni fóònù mi dún. Jẹ́jẹ́ ló fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Bó ṣe kọ ọ́ nìyí, láìsí àmì kankan, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lórí fóònù:

"Mo ti de taya. Ma mu lo o. Iyawo mi ti n robi. O dabo."

Inú mi dùn fún un. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti ń retí ọmọ yìí. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀kejì bí mo ṣe ń rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, orí mi sì ń fi àmì sí i fúnra rẹ̀, bí ó ti máa ń ṣe: mo ti dè táyà, máa mú lọ o. Èyí tó tù mí nínú jù ni ti ìparí. Ó dàbọ̀ ni Jẹ́jẹ́ wí. Nínú gbogbo àwọn tí mo ti dágbére fún láti àárọ̀, òun nìkan ló mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ó sọ láìjẹ́ pé mo kọ́ ọ. Nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn, n kò wo ìyókù mọ́.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní títì. Mo mọ ibi tó ń fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sí, inú agolo mílíìkì kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn ọgbà. Ọkọ̀ mi dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìdérí sì wà lórí táyà rẹ̀, ó ń dán. Mo rọra wà á délé. Kò ké, kò sì gbọ̀n.

Nílé, fóònù kò jẹ́ kí n sinmi. Ẹni tó bá ti gbọ́ pé mò ń lọ á pè láti kí mi, kí ó sì tún fi ìjàm̀bá kan kún un. Ẹ̀ẹ̀keje tó dún, ìyá mi na ọwọ́ láti orí àga rẹ̀. Ó ní, "Gbé e fún mi." Ó di bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú títí ó fi kú, ó fi í sábẹ́ itan rẹ̀, ó ní ó di ìgbà tí a bá débẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, Aránṣọ àti Bàbá Ẹ̀rọ wá dágbére fún wa lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá mi fọwọ́ tọ ògiri jáde, ó múra dáadáa, ó fi awò ojú rẹ̀ sójú. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ Aránṣọ mú, ó rọra ń tẹ̀ ẹ́, ó ní ó ti sanra díẹ̀. Aránṣọ ní ìyà ni, kì í ṣe ọ̀rá. Bàbá Ẹ̀rọ wúkọ́, ìyá mi sì yí sí ibi tí ikọ́ náà ti wá, ó kí i. Mo rí gbogbo èyí, ṣùgbọ́n n kò rò ó. Ọ̀rọ̀ ara mi ló gbà mí lọ́kàn. Mo ti lọ ṣe ìtura lẹ́ẹ̀mẹta. Bàbá Ẹ̀rọ tẹ̀ síwájú, ó ń wo ẹnu mi bí ọmọ ilé ìwé tó ń ka ohun tó kọ́ sórí, ó ní ó dàbọ̀, ó dàbọ̀, ó dàbọ̀. Aránṣọ kò sọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó di apá mi mú lójú fèrèsé ọkọ̀, ó sì pẹ́ kí ó tó fi í sílẹ̀. Èyí gan-an ló bà mí lẹ́rù jù.

A kọjá ilé epo. Mo wò ó nínú dígí bó ṣe ń kéré lọ, orí mi sì wú. Ìyá mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìrọ̀rí lẹ́yìn, ó ń bi mí ní gbogbo ìgbà pé kí lèyí tó kọjá, kí lèyí tó ń pariwo. Mo rò pé ó kàn ń bá mi sọ̀rọ̀ kí n má sùn ni. Mo ní ọkọ̀ akẹ́rù ni. Mo ní alùpùpù ni. Títì fẹ̀, oòrùn ti yọ, mo sì fi kún eré mi díẹ̀.

Lẹ́yìn bí wákàtí kan ni mo gbọ́ ọ. Gbọ̀, ó dákẹ́. Gbọ̀, gbọ̀, ó tún dákẹ́. Mo sọ fún ara mi pé ẹ̀rù ni. Ìdarí ọkọ̀ ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi, mo ní ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n. Kì í ṣe òní ni ọwọ́ mi máa kọ́kọ́ gbọ̀n. Àmọ́ nígbà tí ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, ìró náà kò dákẹ́ mọ́. Ọkọ̀ akẹ́rù kan wà lẹ́yìn mi, ó ń fọn fèrè. Mo rí afárá níwájú nísàlẹ̀, irin rẹ̀ ń tàn nínú oòrùn. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí wọ́n sọ ni mo wà yìí.

"Kí ló ń kanlẹ̀kùn lábẹ́ ibí?" Ìyá mi fọwọ́ sí ibi ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mo ní kò sí nǹkan kan. Ìyá Yípadà ni mò ń gbọ́ létí mi. Mò ń ronú pé bí mo bá dúró, bí n kò bá rí nǹkan kan, màá yí padà ni, mo mọ ara mi. Ìyá mi tún fetí sílẹ̀. Ó ní ṣé Jẹ́jẹ́ wo ọkọ̀ yìí dáadáa, kí ló sọ fún mi?

"Ó ní, mo ti dè táyà, máa mú lọ o."

Bó ṣe jáde lẹ́nu mi ni etí mi gbọ́ ọ. Ta ló ní dè? Ta ló ní máa? Jẹ́jẹ́ kò fi àmì kankan sí i. Èmi ni.

N kò mọ bí mo ṣe ṣe é. Mo ṣáà rọra ń tẹ bíréèkì, mo tan iná ẹ̀gbẹ́, ọkọ̀ akẹ́rù náà bú mí pẹ̀lú fèrè, ó kọjá, gbogbo ara ọkọ̀ wa sì ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ọkọ̀ wa dúró nínú koríko, ìwọ̀n ilé mẹ́rin sí ẹnu afárá. Mo bọ́ sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀ síwájú táyà ọ̀tún, mo fi ìka fa ìdérí rẹ̀. Nọ́ọ̀tì márùn-ún ló yẹ kí ó wà níbẹ̀. Méjì ti bọ́ sínú ìdérí, wọ́n ń ró woroworo. Mo fi ìka méjì yí àwọn mẹ́ta tó kù, wọ́n sì ń yí.

Mo bì síbẹ̀. Kò sí oúnjẹ nínú mi, omi ni mo bì.

Mo gba fóònù lọ́wọ́ ìyá mi, mo tàn án. Ó dún títí mo fi rò pé ó ti bàjẹ́. Ìpè mọ́kànlélógún, Jẹ́jẹ́ ló pe gbogbo rẹ̀. Kí n tó tẹ nọ́ńbà rẹ̀, ó ti tún wọlé.

"Níbo lo wà?" Láti kékeré, n kò gbọ́ kí Jẹ́jẹ́ kánjú sọ̀rọ̀ rí.

"Lẹ́bàá afárá. Táyà ti ń tú."

"Ṣebí mo ní kí o má mú un lọ? Mo ní mo ti dé e. Dé, fìlà ni mo dé fún un. Mi ò tíì dè é."

Ó sọ bó ṣe jẹ́ fún mi, ó ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Aládùúgbò rẹ̀ ló yá sípánà gígùn lọ́sàn-án, kò sì tíì dá a padà nígbà tí ìyàwó rẹ̀ pè, kò sì rántí pé kékeré kan wà nínú búùtù mi. Ó fi ọwọ́ lásán yí nọ́ọ̀tì wọlé, ó sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ó wá dé ìdérí lé e kí nọ́ọ̀tì má baà sọnù nínú ọgbà. Ó rò pé òun á padà dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyàwó rẹ̀ kò bí títí di ìdájí. Ó bí obìnrin. Láàárọ̀ yìí ló tó padà sí ṣọ́ọ̀bù, tí kò bá ọkọ̀ níbẹ̀. Ó ní ọjọ́ àkọ́kọ́ láyé òun nìyẹn tí òun á kọ́kọ́ dé, tí òun kò tíì dè, ọkọ̀ mi ló sì bọ́ sí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí.

N kò lè bínú sí i. Gbogbo ìwé tí mo ti kà láti ìgbà tí mo ti ní òfin mi, èyí nìkan ni mo fi àmì sí láìbi ẹni tó kọ ọ́. Bírò pupa mi ló tú nọ́ọ̀tì. Mo kí i kú ewu ọmọ, mo sì ní kí ó sọ ohun tí màá ṣe fún mi. Ó ní kí n fi jáàkì inú búùtù gbé e sókè díẹ̀, kí n fi ọwọ́ yí gbogbo nọ́ọ̀tì wọlé, kí n sọ ọ́ kalẹ̀, kí n wá dè wọ́n pẹ̀lú sípánà, kí n fi gbogbo ara mi gun orí rẹ̀. Ó ní lẹ́yìn náà kí n rọra yí padà wálé, kí òun wò ó. Mo ní màá yí padà. Kò ṣòro fún mi láti sọ. Bí wọ́n bá fẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní Ìyá Yípadà títí n óò fi kú, ó sàn ju kí n kú lọ.

Mo gbé jáàkì sí i. Ìyá mi ti bọ́ sílẹ̀, ó dúró, ó di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú. Nọ́ọ̀tì kan já bọ́ lọ́wọ́ mi, ó yí lọ, ó sì dúró sí ẹsẹ̀ ìyá mi.

"Màámi, ẹ bá mi mú un, ó wà níwájú bàtà yín."

Ó bẹ̀rẹ̀. Ó na ọwọ́ sílẹ̀, ó ń tọ́ ilẹ̀ wò. Ọwọ́ rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ nọ́ọ̀tì náà kọjá, ó padà, ó tún kọjá. Oòrùn wà lórí nọ́ọ̀tì náà, ó ń tàn yanran. Awò ojú rẹ̀ wà lójú rẹ̀, ojú náà là sílẹ̀, ó kọjú sí ibi tí nọ́ọ̀tì wà gan-an, kò sì rí i. Ẹ̀rù tó bà mí ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kò tó èyí.

"Màámi. Ẹ ò rí i?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ilẹ̀.

"Ọjọ́ Àìkú ni," ó ní. "Mo jí, ilẹ̀ mọ́ fún gbogbo yín, kò mọ́ fún mi."

Ọjọ́ Àìkú. Ọjọ́ Ajé ló sì ní a gbọ́dọ̀ lọ. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi bá a gbé, tó ń fọwọ́ tọ ògiri, tó ń fi ọwọ́ wo ojú ènìyàn, tó ń bi mí pé kí ló kọjá, èmi tí mò ń rí àmì tó sọnù lórí ọ̀rọ̀ kan nínú ojú ìwé igba, n kò rí i. Mo bi í ìdí tí kò fi sọ fún mi.

"Ká ní mo sọ, ṣé o ò ní ní kí la tún fẹ́ lọ wò?"

Òótọ́ ni. Màá sọ bẹ́ẹ̀, inú mi á sì dùn, nítorí ẹ̀rù. Mo sunkún. Mo ní ṣebí ojú àbúrò rẹ̀ ló fẹ́ rí, ṣebí òun ló ní ojú lọ̀rọ̀ wà.

"Ojú lọ̀rọ̀ wà ni mo wí," ó ní. "Mi ò ní tèmi ni. Òun á rí mi."

Mo mú nọ́ọ̀tì náà nílẹ̀, mo nù ún sára aṣọ mi. Mo yí márààrún wọlé, mo sọ ọkọ̀ kalẹ̀, mo gun orí sípánà lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo ara mi lórí rẹ̀, mo sì ń wí i sókè bí mo ṣe ń ṣe é: dè, dè, dè, dè, dè. Ìyá mi ní kí n tún ìkẹta ṣe, pé kò dún bí àwọn tó kù. Mo tún un ṣe, ó sì yí díẹ̀ sí i. Ìgbà yẹn ni mo tó dé ìdérí lé e.

Jẹ́jẹ́ tún pè. Mo sọ fún un pé mo ti dè é, mo sì ti dé e, pé màá jẹ́ kí mẹkáníìkì kan wò ó ní ìlú tó wà ní òdìkejì odò. Ó ní ṣebí mo ní màá yí padà. Mo ní kí ó bá mi kí ìyàwó rẹ̀. Ó ní ó dàbọ̀, ó sì fa ohùn náà jáde kí n má baà ṣì í gbọ́.

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí nígbà tí mo tan ọkọ̀. Kò lọ, títí di bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí kò tíì lọ tán. Mo fetí sílẹ̀ sí táyà ọ̀tún, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ìyá mi gbé ìrọ̀rí rẹ̀ sí ibi tó yẹ, ó ní kí n máa sọ ohun tí mo bá ń rí fún òun.

Mo ní mò ń rí afárá. Ó ní irú afárá wo. Mo ní onírin, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ewé, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ níbì kan. Ó ní ṣé odò kún. Ọwọ́ mi le gan-an lórí ìdarí, n kò fẹ́ gbé ojú kúrò lójú títì rárá. Mo rọra dín eré mi kù, mo yí ojú sí ẹ̀gbẹ́, mo sì wò ó fún un.